Àáró Tí Mo Fẹ́ Bá Àwọn Ará Ọ̀run Ṣe

Abà Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́,
Lọ́nà Ìjàn, Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1979.

Adéfúnkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo Èkó, mo kí àna mi Olúwọlé kú ìtọ́jú rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ kú ilé ìwé. Ọlọ́run tó jí wa lónìí kò ní jẹ́ kí a sun oorun àìtọ́jọ́. Bí ẹ ti ń jáde lówùúrọ̀ ni ẹ ó máa wọlé nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ tí ẹ bá wọ̀ kò ní mutí yó, ẹni tó ń wá ibi tí ẹ wà fún ibi kò ní rí àdírẹ́sì. Kí o ṣe àmín sókè dáadáa níbi tí o ti ń kà á, má wo ojú àwọn ará ófíìsì, nítorí èmi ti ṣe tèmi níhìn-ín.

Tí o bá bèèrè mi, ara mi le bí òkúta Olósùnta tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, àfi orúnkún ọ̀tún tó máa ń dá mi lóhùn nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ dìde. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, kì í ṣe Tísà Akínyẹlé, kátíkíìsì wa, ló bá mi kọ ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ilé ìwé àgbàlagbà tí mo ń lọ nírọ̀lẹ́ ti so èso. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ Tísà wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, a kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ẹni rán ẹni.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, akọ kan, abo kan, abo náà ló gbọ́n jù. Àwọn olóṣèlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Adó pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń pariwo lórí mọ́tò, nítorí wọ́n ní àwọn sójà ti ń palẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní bí a bá dìbò fún òun, a ó ní iná tí kì í kú àti omi tí kì í gbẹ, àti pé òun kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí jọ ohun tí Tísà máa ń sọ fún wa lọ́jọ́ Ìsinmi, àfi pé Tísà máa ń sọ òtítọ́ pé ó di ẹ̀yìn ikú kí a tó rí i gbà.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, èyí tí o ti dúró níwájú ófíìsì yín. Mo fi han gbogbo abà. Mo ṣàlàyé fún wọn nípa yàrá kékeré tó wà nínú ilé náà, tó gbé èmi àti ìwọ ròkè nígbà tí mo wá kí yín, ṣùgbọ́n wọn kò gbà mí gbọ́. Mo ní èèyàn á dúró sójú kan, kò ní gbé ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn á pa dé, nígbà tí yóò bá fi ṣí, èèyàn ti wà lókè. Láti ọjọ́ náà ni ìwàásù nípa bí a ó ṣe gòkè re ọ̀run kò ti rú mi lójú mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí Tísà fi kún un ni pé kí ìjọ di ògiri mú, nítorí inú máa ń bọ́ lọ sísàlẹ̀ nígbà tí ara bá ń lọ sókè.

O rántí pé lọ́jọ́ kejì o mú mi yí Èkó ká. O fi Ìkòyí hàn mí, níbi tí ilé kan ti jìnnà sí èkejì bí ẹni pé wọ́n ń bára wọn jà, tí màígádì sì lé wa nítorí pé mo dúró wo òdòdó. Lẹ́yìn náà a lọ kí ẹ̀gbọ́n àna mi ní Ajégúnlẹ̀, a rìn lórí pákó kọjá omi kí a tó wọlé. Mo bi ọ́ pé ta ló pín wọn báyìí. O ní Bàbá, oníkálukú wà níbi tí ipò rẹ̀ gbé e sí ni. Fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ lọ́dún tó kọjá ni mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó wà láyé, òun nìkan ló ń lọ. Òun ló ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀, òun ló ń pọn omi sínú àmù, òun ló ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn aláìsàn, bí òjò bá sì rọ̀ tí kò sí ẹlòmíràn, òun àti Tísà á jọ kọ orin náà tán. Èmi ní tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́mu ni ìjọ mi wà. Ìyá rẹ kò bá mi jà sí i. Bí ó ti wù kí n pẹ́ tó, màá bá iyán mi nínú igbá tí a dé, màá sì bá ilẹ̀kùn láìtì, àpótí ìjókòó nìkan ló máa ń fi sún un kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Ìwọ náà mọ àpótí yẹn, nígbà tí o wà lọ́mọdé, o kọsẹ̀ lára rẹ̀, eyín rẹ kan sì ṣẹ́.

Nínú oṣù kìíní, Tísà wàásù lórí èrè àwọn tó bá jẹ́ olóòótọ́ dópin. Ó ní ilé wà fún wọn lọ́run, adé wà fún wọn, òpópónà ibẹ̀ jẹ́ wúrà, ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀, wọn kì í sì í ti ẹnubodè ìlú náà láéláé. Mo nawọ́ sókè. Mo ní bí òpópónà bá jẹ́ wúrà tí ilẹ̀ kò sì ní ṣú, báwo ni àtẹ́lẹsẹ̀ yóò ṣe gbà á, nítorí ọ̀dà lásán tí wọ́n dà sí ọ̀nà Ọjà Ọba ní Adó, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án láìwọ bàtà, fífò ni yóò máa fò bí ìrẹ̀. Tísà ní kí n jókòó. Mo jókòó. Mo tún dìde, mo ní ìlú tí kì í ti ẹnubodè, kí ni wọ́n ń ṣe sí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti olè. Ó tún ní kí n jókòó.

Èyí tó sọ kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n gbádùn ara mi. Ó ní oníkálukú ni yóò gba èrè gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ṣe púpọ̀ yóò gba púpọ̀, ẹni tó ṣe díẹ̀ yóò gba díẹ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín, èmi kò lè ṣe é. Ìyá rẹ ni mo ń rò. Pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tó ṣe, Ìkòyí ọ̀run ni wọ́n fi í sí, kò sí àríyànjiyàn. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ṣí ìwé orin, Ajégúnlẹ̀ ọ̀run ni tèmi, lórí pákó. Wò ó, Adéfúnkẹ́, kì í ṣe wúrà ló ń dùn mí. Mi ò sì wá adé, fìlà lásán kì í dúró lórí mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibi tí ìyá rẹ bá wà ni mo fẹ́ wà. Ṣé mọ́tò ni kí n máa wọ̀ kí n tó rí i? Ta ni màá bá sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé ọkọ rẹ̀ ni mí, tí wọn ò ní lé mi bí ti ọjọ́ òdòdó?

Ṣùgbọ́n o mọ bàbá rẹ, mi ò kì í jókòó ti ìṣòro. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo sì rí ọ̀nà. Ìwọ tí o ti di ará Èkó, bóyá àáró ti ń ṣe ọ́ bí àlá. Níbí, bí mo bá bá ọ kọ ebè lónìí, dandan ni kí o wá bá mi kọ ebè lọ́jọ́ tèmi. A kì í fi owó san án, a kì í fi ẹnu san án, ọkọ́ ni a fi ń san ọkọ́. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, ojú kò ní jẹ́ kó lè kọjá láàárín ìlú. Mo wá ní, àwọn àgbà abà yìí tí wọ́n ti sún mọ́ ọ̀nà, bí mo bá bá wọn ṣiṣẹ́ nísinsìnyí, tí wọ́n sì ṣáájú mi dé ọ̀hún, wọ́n ti jẹ mí ní àáró nìyẹn. Wọn yóò kóra jọ, wọn yóò bá mi kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá rẹ kí n tó dé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣé o rí i pé kò sí àléébù nínú rẹ̀?

Ọ̀dọ̀ Bàbá Òjó ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, nítorí láti ìgbà ọdún tuntun ló ti ń wúkọ́. Mo bá a ro oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ń súre fún mi, ó ń sunkún ayọ̀, títí ó fi bi mí pé ọjọ́ wo ni kí òun rán àwọn ọmọ òun wá san án. Mo ní kò sí ìkánjú, mi ò fẹ́ ọmọ, òun gan-an ni kó san án nígbà tó bá dé ọ̀hún. Ó ní ọ̀hún wo? Mo nawọ́ sókè. Bàbá tí kì í dìde láìsí pé èèyàn méjì gbé e, ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì fi ọ̀pá lé mi dé etí odò. Láti ọjọ́ náà kò wúkọ́ mọ́. Ó ń gun ọ̀pẹ. Ó ní òun kò lè tìtorí àáró kú.

Ọ̀rọ̀ yìí bá tàn ká. Bí mo bá gbé ọkọ́ kọ́ èjìká báyìí, àwọn arúgbó á na ẹ̀yìn wọn, ẹni tó ń tiro á máa rìn bíi sójà, ẹni tí ikọ́ bá gbọ̀n á fi aṣọ di ẹnu títí màá fi kọjá. Adérẹ̀mí tó ń ta òògùn lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ wá bá mi, ó ní kí n ṣàánú òun, pé kò sí àgbàlagbà tó fẹ́ ra òògùn mọ́ nítorí pé wọn ò fẹ́ kí n gbọ́. Mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara gbogbo ìlú dá. Kò bá mi dúpẹ́.

Ìyá Ọláoyè nìkan ni kò lé mi. Ìyá tí ulé rẹ̀ kọjú sí tiwa ni, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sí Kàdúná tí a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo bá a kọ ebè, mo sì ṣàlàyé bí àáró náà ti rí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé mo ti wọn gígùn òun fún pósí pẹ̀lú. Mo ní rárá o, mi ò tíì débẹ̀. Ó ní kí n máa kọ ebè náà lọ, òun yóò ronú sí i, nítorí pé òun kì í jẹ àáró tí òun kò mọ bí òun yóò ṣe san án. Ìyẹn ló ń jẹ́ àgbà.

Nígbà tí Tísà gbọ́, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní èrè ọ̀run kì í ṣe àáró, pé kò sí ẹni tí Ọlọ́run jẹ ní gbèsè, ọwọ́ àánú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ó sọ ìtàn olóko kan fún mi, tó gba alágbàṣe láàárọ̀, tó tún gba àwọn mìíràn lọ́sàn-án, tó tún wá gba àwọn kan nígbà tí oòrùn ti fẹ́ wọ̀, tó sì san iye kan náà fún gbogbo wọn. Mo ní Tísà, èmi ń gba àwọn alágbàṣe Àgátú ṣiṣẹ́, bí mo bá dán èyí wò lónìí, lọ́la ẹnikẹ́ni kò ní yọjú sí oko mi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ọlọ́run fi jẹ́ Ọlọ́run, tí èmi sì jẹ́ àgbẹ̀. Ó ní àwọn tó dé kẹ́yìn ni yóò di ẹni ìṣáájú. Níbẹ̀ ni ojú mi là, nítorí mo rántí yàrá kékeré inú ófíìsì yín. Ṣé èmi kọ́ ni mo wọ ibẹ̀ kẹ́yìn? Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo dúró sí, nígbà tó sì ṣí lókè, èmi ni mo kọ́kọ́ bọ́ síta. Mo sọ ọ́ fún Tísà. Kò yé e, ẹni tí kò bá tíì wọ̀ ọ́ rí kò lè mọ̀ ọ́n.

Ọkàn mi ì bá ti balẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo bi í léèrè ohun tó gbé mi wá gan-an. Mo ní ṣé ilé tèmi àti ti ìyá Adéfúnkẹ́ yóò wà pa pọ̀. Tísà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní wọn kì í gbéyàwó lọ́hùn-ún. Mo ní èmi kò lọ gbéyàwó, mo ti gbé e tán kí n tó débẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó ní òun kò mọ̀, òun kò sì fẹ́ purọ́ fún mi. Mo délé, oúnjẹ kò wọlé lẹ́nu mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin ín, ẹ̀rù bà mí pé bóyá a ti pínyà pátápátá.

Òjò àkọ́rọ̀ tí mo sọ yẹn, ìjì ló kó wá. Ó ká páànù Ìyá Ọláoyè sókè, àwọn tó sì kù ti lu bí ajẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, mo bá ìyá náà tó gbé ẹní rẹ̀ sí igun kan ṣoṣo tí omi kò dé, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Mi ò rántí àáró lọ́jọ́ náà. Mo pe Tísà, ó di àkàbà mú, mo sì gun òkè lọ fi òkúta tẹ páànù náà mọ́lẹ̀. Bí mo ti wà lókè ni Ìyá Ọláoyè ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ó ní òun ti ronú sí ọ̀rọ̀ mi, òun kò sì ní lè jẹ àáró náà. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń ṣiṣẹ́, ìbàdí ń dun òun, bí òun bá dé ọ̀run, jíjókòó ni òun fẹ́ jókòó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọkọ́ lé òun lọ́wọ́ níbẹ̀. Mo ní kò burú, Ìyá. Ó ní ṣùgbọ́n kí n gbọ́ nǹkan kan. Ó ní lọ́dún tí olè pọ̀ lágbègbè wa, òun bá ìyá rẹ wí pé kí ló dé tí kì í ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Ìyá rẹ ní òun kò lè tì í, nítorí ẹni tó ń bọ̀ ṣì wà lọ́nà. Òun ní kí ẹni náà kanlẹ̀kùn, ṣé kò lọ́wọ́ ni. Ìyá rẹ ní rárá, bí ó bá bá a ní títì, yóò rò pé òun ń bínú sí i. Ìyá Ọláoyè wá bi mí pé obìnrin tí kò ti ilẹ̀kùn mọ́ mi nínú abà tí olè wà, ṣé ìlú tí wọn kì í ti ẹnubodè ni yóò ti wá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi?

Adéfúnkẹ́, mo jókòó sórí páànù náà, mo sì sunkún. Àwọn tó ń kọjá rò pé orúnkún ni. Mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé mi, pé ìyá rẹ ò fẹ́ kí n rò pé òun ń bínú. Tísà tó di àkàbà mú ṣe àmín, kò sì ní kí n jókòó, nítorí mo ti jókòó.

Ọkàn mi ti wá balẹ̀ pátá. Ibi yòówù kí wọ́n fi mí sí, mo mọ ulé tí màá yà sí. Mo ti lọ bá Bàbá Òjó, mo ní kò jẹ mí ní àáró kankan mọ́. Ó ní òun kò jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, Adérẹ̀mí sì ti ń tajà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, nítorí lẹ́tà bàbá kì í ṣófo. Jọ̀wọ́ fi owó páànù ránṣẹ́ fún òrùlé Ìyá Ọláoyè, àti ti ìṣó tó ní rọ́bà lórí. Kì í ṣe kí ẹnikẹ́ni lè bá mi kọ́lé lọ́run o. Ẹní rẹ̀ ni mi ò fẹ́ kó tutù mọ́. Má ṣe fi owó náà sí báńkì. Ìgbà tí o ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí, owó tí wọ́n kà fún mi ní Adó kì í ṣe èyí tí o fi síbẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ mi kò lè fi owó tó ya ránṣẹ́ sí mi. Fi rán Olúmúyìwá tó ń wa ọkọ̀ wá láti Èkó, òun máa ń gbé e wá bí o ti fún un gan-an. Bí ohun kan bá ṣẹ́kù, ra bàtà rọ́bà méjì fún mi, ti ọkùnrin kan, ti obìnrin kan. Èyí tèmi, kí ẹ wọ̀ ọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ, kí ẹ sì fi èkejì sí mi lábẹ́ apá. Láìwọ bàtà ni a sin ìyá rẹ, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń rìn lórí wúrà yẹn.

Olúwa yóò bù kún ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di iṣẹ́ àṣedànù. Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ ju bí o ti ń tọ́jú mi lọ, ibi tí o bá ti ń bọ̀, wọn yóò máa retí rẹ, ojú ọ̀nà kò ní sú wọn.

Kí ẹ wá bá mi ṣọdún Àjíǹde. Mo mọ̀ pé mọ́tò Èkó kì í tètè dé, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú kí ẹ tó wọ abà. Má ṣe kanlẹ̀kùn. Àpótí nìkan ni mo fi sún un, rọra fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o sì ṣọ́ eyín rẹ. Oúnjẹ wà nínú igbá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọmọ́níyì.